Pákó Bódìjà, mọ́tò inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù: Bí ọ̀dọ́ ṣe lè kan ẹ̀rọ agbẹ́pákó fúnra rẹ̀

Ẹni tó bá ra ilẹ̀kùn tàbí bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ àwọn kábíńtà Ìbàdàn láìpẹ́ yìí lè ti ṣàkíyèsí pé òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sí apá ọ̀tún àti ti apá òsì jọra bí ìbejì. Kì í ṣe ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ irú wọn. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní CNC, ló ń ṣe é. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, apá ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kò lè ká a. Ṣé èèyàn ò wá lè fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án ni?

Wọ́n ti ṣe ohun tó fara jọ ọ́ nítòsí wa níbí. Lọ́dún 2013, ní Lomé, olú ìlú Tógò, Kodjo Afate Gnikou kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, síkánà àti kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ jọ, ó sì fi wọ́n kan ẹ̀rọ tó ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan. W.Afate ló pè é. Nǹkan bí 100 dọ́là ni wọ́n ní ó ná an. WoeLab, ibi iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀, ló ti ṣe é. Ọmọ ìyá kan náà ni ẹ̀rọ yẹn àti CNC: ọ̀kan ń to ike léra, èkejì ń gbẹ́ igi dànù, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ń rìn sọ́tùn-ún sósì, síwá sẹ́yìn, sókè sódò.

John Parsons, ará Amẹ́ríkà, ló ronú kan irú ẹ̀rọ yìí nítorí abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikópítà, ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT sì fi ọ̀kan han aráyé lọ́dún 1952. Ìwé tí wọ́n lu ihò sí lára ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un nígbà yẹn. Lónìí, pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní Arduino, tó jáde ní Ivrea, nílẹ̀ Ítálì, lọ́dún 2005, ti tó fún iṣẹ́ náà. Ọ̀fẹ́ sì ni GRBL, ètò tó ń mú un rìn.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè wá pákó lọ sí Bódìjà, àmọ́ kó yáa mú pláíwúùdù, nítorí pákó tí kò tíì gbẹ máa ń tẹ̀ bó bá yá. Mọ́tò ńkọ́? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ àti síkánà ní i nínú. Èyí tó wúlò máa ń ní wáyà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, béèyàn bá sì fọwọ́ yí i, yóò máa dúró díẹ̀díẹ̀ bíi pé ó ń ka owó. Tìkọ̀wé lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lágbára láti gbé o. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ igi ní láti ra èyí tó tóbi.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni fífún ẹ̀rọ náà ní ìwọ̀n. Mọ́tò tí wọ́n sábà ń lò máa ń gbé ìṣísẹ̀ 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 16, ó di 3,200. Bí irin onílà tó ń yí bá ń sún ẹ̀rọ ní mìlímítà 8 lẹ́ẹ̀kan, a jẹ́ pé ìṣísẹ̀ 400 ni mìlímítà kan. Kí wọ́n wá sọ fún un pé kó rìn 100. Bó bá rin 98, kí wọ́n fi 100 lọ́nà 400, kí wọ́n fi 98 pín in: 408 àti díẹ̀ ni nọ́ńbà tuntun. Ṣùgbọ́n kó tó yí nọ́ńbà, kó tún téèpù nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú àti ọwọ́ ló sábà máa ń ṣìnà, kì í ṣe irin.

Bíríkìlà tó ń na okùn ìpìlẹ̀ ilé mọ ìyókù. Kí wọ́n ní kó fa ìlà 30 sẹ̀ǹtímítà síbí, 40 sọ́hùn-ún. Bí ìdábùú rẹ̀ ò bá jẹ́ 50, ẹ̀rọ náà ti wọ́. Lẹ́yìn náà, kó fi bírò ya òbìrí. Bó bá dà bí ẹyin, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ò pàdé, ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀tù kan ti dẹ̀.

Bí iná bá wá lọ láàárín iṣẹ́, bá a ṣe mọ iná wa, ẹ̀rọ náà yóò gbàgbé ibi tó dé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó ní súìsì kékeré ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi mọ ilé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sún pákó. Kí gíláàsì ààbò wà lójú. Bíìtì tó ń yí kò mọ pákó yàtọ̀ sí ìka.

Àwọn àgbà agbẹ́gilére ò sì tíì ní láti bẹ̀rù. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ fún ìpàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1924, ní àwọn ère tí orí wọn yọ síta kúrò lára pákó. Láti òkè nìkan ni bíìtì ẹ̀rọ àgbélékàn yìí ń wá. Kò lè tẹ̀ wọ abẹ́ àgbọ̀n ère. Ọ̀bẹ ló ń dé ibẹ̀.