Kí Ìyá Àgbà Náà Gbọ́

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá ní Manigri, nígbà tí ilé bá péjọ sí pálọ̀ láti gbọ́ ìròyìn, ta ni ó ń rántí ìyá àgbà tí kò lè dìde mọ́ nínú ìyẹ̀wù?

Àpótí ohùn Bluetooth méjì lè má bára wọn mu. Bí ọ̀kan bá pẹ́ ju èkejì lọ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá péré, ọ̀rọ̀ á máa tún ara rẹ̀ sọ létí.

Wáyà kì í pẹ́. Ní 1935, wáyà ni wọ́n fi fa ohùn rédíò wọ àwọn ilé ní Èkó. Gbogbo àpótí wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fa wáyà láti ara ẹ̀rọ pálọ̀ lọ sí àpótí ohùn kan ní ìyẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ná: àpótí 8 ohm méjì tí a so pọ̀ sójú kan di 4 ohm. Ẹ̀rọ tí kò gba 4 lè gbóná, kí ó sì jó.

Bí wáyà bá ṣòro, ẹ gbé rédíò kékeré kan tì í, kí ẹ yí i sí ilé iṣẹ́ FM kan náà.

Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kan lọ jókòó tì í. Àpótí kì í dáhùn ìbéèrè àgbà.