Májèlé Inú Ẹran Tó Di Oògùn Àpò Ìtọ̀

Ní Àrẹ̀mọ, bíi ti ọ̀pọ̀ agboolé àtijọ́ n'Íbàdàn, ìyá àgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Á ní ara àgbà ni. Á yẹra fún òde ìnáwó tó bá jìnnà, kí ó má baà tọ̀ sára lójú àna. Kì í ṣe ara àgbà o. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan àpò ìtọ̀ ló ń súnkì nígbà tí àpò kò tíì kún. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Inú májèlé ni ọ̀kan nínú ìtọ́jú náà ti wá. Láàárín 1817 sí 1822, Justinus Kerner, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé nípa àwọn tí sọ́séèjì tó bàjẹ́ pa. Ó rí i pé ohun tó wà nínú ẹran náà ń dá iṣan dúró. Ó ní bó bá kéré tó, ó lè wo iṣan tó ń ṣe àṣejù. Ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀! Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì mọ kòkòrò tó ń pèsè rẹ̀. Ibi ìnáwó òkú kan ní Ellezelles, ní Belgium, ni àṣírí ti tú ní 1895: àwọn olórin jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mẹ́ta kú, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn, Émile van Ermengem, sì rí kòkòrò náà.

Alan Scott, dókítà ojú ní San Francisco, ló sọ májèlé náà di oògùn, fún àwọn tí ojú wọn kò wo ibì kan náà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1989. Ní 2000, Dókítà Brigitte Schurch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zürich ròyìn bí wọ́n ṣe gún un sí àpò ìtọ̀ àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa. Amẹ́ríkà gbà á fún irú wọn ní 2011. Ó di 2013 kó tó kan ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Dókítà á ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ìtọ̀, á gún oògùn náà sí iṣan àpò ìtọ̀ ní nǹkan bí ojú 20. Ó lè ṣiṣẹ́ tó oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tó tún un gún. Nígbà mìíràn iṣan á rọ jù, á di kí wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ lo eré ìdárayá iṣan abẹ́ àti oògùn oníhóró.

Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu kò jìnnà sí Àrẹ̀mọ, ilé ìwòsàn UCH náà ò jìnnà. Kí ìyá kọ́kọ́ lọ yẹ ìtọ̀ wò, torí àtọ̀gbẹ tàbí kòkòrò inú ìtọ̀ náà lè fa irú rẹ̀, ìtọ́jú tiwọn sì yàtọ̀.