Orúkọ Olùkópa lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ló Láṣẹ Láti Gbé E Jáde Tàbí Láti Fi Í Pamọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí à ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ni kò ní olówó orí kan ṣoṣo. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kọ Wikipedia ti èdè Yorùbá. Àwọn ará ìlú lásán ni wọ́n fi ọ̀nà àti àdúgbò wa sí orí máàpù OpenStreetMap. Àwọn mìíràn ka gbólóhùn Yorùbá sínú ẹ̀rọ fún Common Voice, iṣẹ́ tí àjọ Mozilla dá sílẹ̀ ní ọdún 2017 kí kọ̀ǹpútà lè máa gbọ́ ohùn ènìyàn ní oríṣiríṣi èdè. Púpọ̀ nínú wọn kò gba kọ́bọ̀. Ṣé ó wá yẹ kí a dárúkọ wọn kí a fi yìn wọ́n ni, àbí òfin tí ó dáàbò bo àṣírí ènìyàn ní kí a bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀?

Àṣìṣe méjì ni a sábà máa ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé láti ìgbà tí òfin dátà ti dé, èèwọ̀ ni láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn gbà pé ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé nǹkan sí gbangba ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ pátápátá. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Olùkópa fúnra rẹ̀ ni ó ni àṣẹ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tí ó ń gba ìwífún lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni láti bi í léèrè kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún ẹni tí ó kọ ìwé, tí ó ya àwòrán tàbí tí ó kọ orin ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ni òun ṣe é. Ó lè tako ẹni tí ó bá lọ́ iṣẹ́ náà po lọ́nà tí yóò ba òun lórúkọ jẹ́. Kò lè gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn nígbà ayé rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ ti ta àǹfààní owó orí iṣẹ́ náà. Òfin kan náà kò gbàgbé àlọ́, oríkì àti orin ìbílẹ̀: ẹni tí ó bá tẹ irú wọn jáde gbọ́dọ̀ sọ ìlú tàbí àwùjọ tí ó ti rí wọn.

Ìdí tí èyí fi ká wa lára kò jìnnà. Títí di òní, ẹni tí ó bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun yóò rí ère tí wọn kò kọ ohun mìíràn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ju pé ọmọ Yorùbá kan ni ó gbẹ́ ẹ. Àwọn agbẹ́gilére wa ní orúkọ. Ẹni tí ó kó iṣẹ́ wọn lọ ni kò béèrè. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí ó dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ni. Ní ọdún 1988, nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń fi oríkì ka àwọn ààfin tí ọkọ òun gbẹ́gi sí, oríkì yẹn sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ tàn dé. Bí kò bá sí ẹni tí ó kì í, ta ni ì bá mọ̀?

Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí dídárúkọ rẹ̀ lè kó sínú ewu. Abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí fóònù. Òfin Ìdáàbòbò Dátà, tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wá la ọ̀rọ̀ náà yé wa sí i. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ, ibùgbé, àwòrán ojú, àní nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ènìyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, dátà ara ẹni ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú tilẹ̀ gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin náà fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìròyìn, ẹ̀kọ́ àti lítíréṣọ̀ tí ó wà fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ní ibi tí ó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda ni àjọ kan gbójú lé, àjọ náà ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n yọ̀ǹda fún òun, dídákẹ́ kì í sì í ṣe ìyọ̀ǹda. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Níhìn-ín, òfin ti fọhùn fún ẹni tí ó dákẹ́.

Àwọn iṣẹ́ mẹ́ta tí a dárúkọ níṣàájú ti wá ọ̀nà tiwọn sí i. Ní Wikipedia, àtúnṣe olùkópa tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ni a ń kọ pẹ̀lú orúkọ tí ó yàn fúnra rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ orúkọ tí òbí sọ ọ́. Orúkọ ìnagijẹ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹ̀kú: gbogbo ọjà ń wo egúngún bí ó ti ń jó, kò sí ẹni tí ń dárúkọ ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ, ìyìn ijó náà kò sì sọnù. OpenStreetMap ní tirẹ̀ ní kí ẹni tí ó bá lo máàpù náà dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo olùkópa lápapọ̀. Common Voice kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àkójọ ohùn tí ó ń gbé jáde. Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun kò ní wádìí ẹni tí ó ni ohùn náà.

Ẹ má ṣe rò pé yíyọ orúkọ nìkan ti tó láti fi ènìyàn pamọ́. Bí àjọ kan bá ń gba ìtàn àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń lù, tí ó yọ orúkọ ẹni tí ó sọ ìtàn kan kúrò, ṣùgbọ́n tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ni, pé ọmọ mẹ́ta ni ó bí, pé abúlé báyìí ni ó ń gbé, kí ni ó kù tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀? Bákan náà ni ti ẹni tí ó fi àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí ránṣẹ́: igun tí ó dúró sí láti ya àwòrán náà lè tú àṣírí fèrèsé ilé rẹ̀. Bí a bá sì fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, ṣùgbọ́n tí ìwé tí ó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ ṣì wà nínú àpótí ọ́fíìsì, dátà ara ẹni ni nọ́ńbà náà ṣì jẹ́.

Ẹni tí ó bá yọ̀ǹda lónìí lè yí ọkàn padà lọ́la. Òfin ní kí ìfàsẹ́yìn rọrùn bí ìyọ̀ǹda ti rọrùn, ṣùgbọ́n ohun tí a ti ṣe kí ó tó yí ọkàn padà kò di ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé-àṣẹ Creative Commons tí Wikipedia ń lò tilẹ̀ sọ pé bí ẹni tí ó ni iṣẹ́ bá ní kí a yọ orúkọ òun kúrò, kí a yọ ọ́ dé ibi tí ó bá ṣeé ṣe. Gbólóhùn ìparí yẹn ni kí a fi sọ́kàn. Ẹni tí ó bá kúrò ní Wikipedia lè gba kí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí èyí tí kò tọ́ka sí i mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀. Ẹ̀dà tí àwọn ẹlòmíràn ti kó lọ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá ń kó ìtàn ìlú jọ, tàbí ilé-ìwé tí ó ń gba àlọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà, kí ó béèrè ṣáájú kí wọ́n tó tẹ ẹ̀rọ ohùn: orúkọ tòótọ́ ni, orúkọ ìnagijẹ ni, orúkọ ìlú nìkan ni, tàbí kí a má dárúkọ rárá? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ìyá tí kò mọ̀wé kà lè fi ẹnu sọ ọ́ kí a gbà á sílẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò yọ̀ǹda.

Ẹni tí ó bá rí i pé wọ́n gbé orúkọ òun jáde láìgba àṣẹ, kí ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí àjọ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n yọ, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Àwọn àjọ ńlá gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè fi ẹjọ́ sùn ní Àjọ Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n lo iṣẹ́ rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀ kò ní lọ síbẹ̀. Àjọ Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ni yóò gbé tirẹ̀ lọ.