Ìwọ̀n Ṣáájú Títò: Ìṣètò fún Fífi Bíríkì Ìṣeré Kọ́ Àwòṣe Ilé Ńlá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ fi bíríkì ìṣeré kọ́ àwòṣe ilé ńlá mu púpọ̀. Bíríkì ìṣeré ni àwọn ègé ike kéékèèké tí wọ́n ní kókó lórí, tí wọ́n sì ní ihò nísàlẹ̀, tí a lè tẹ̀ mọ́ ara wọn kí wọ́n má tú, tí a sì tún lè tú nígbà tí a bá fẹ́. Àwòṣe tí a ń sọ níhìn-ín kò mọ sí orí ilé nìkan. Ilé ni pẹ̀lú àyíká rẹ̀: títì, igi, ọkọ̀ àti àwọn ènìyàn tí ń kọjá.

Irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun èlò ìkọ́ni tí ó fa ojú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra. Àmọ́ owó ńlá ni bíríkì, àkókò olùkọ́ kò sì pọ̀. Bí iṣẹ́ náà bá dúró lágbede méjì, owó ti wọgbó, ìrètí àwọn ọmọ sì ti já. Èrò tí a gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí a tó fọwọ́ kan bíríkì ni irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ ti máa ń bàjẹ́, nígbà tí a kò bá wọn nǹkan, tí a kò sì pinnu ohun tí a ó fi sílẹ̀. Ilé Kòkó tí ó wà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bíríkì àti ìwọ̀n rẹ̀

Bíríkì LEGO ni ó gbajúmọ̀ jù lọ. Ole Kirk Christiansen, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní ìlú Billund ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, ni ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1932. Ọdún 1958 ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ lórí irú bíríkì tí a mọ̀ lónìí. Láti àárín kókó kan sí àárín èkejì jẹ́ mìlímítà 8. Gíga bíríkì kan, láìka kókó orí rẹ̀, jẹ́ mìlímítà 9.6. Ègé pẹlẹbẹ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta bíríkì, ìyẹn mìlímítà 3.2, nítorí náà, pẹlẹbẹ mẹ́ta tí a gbé léra ni ó di bíríkì kan.

Ohun kan wà nínú ìwọ̀n yìí tí ó máa ń tan akọ́lé tuntun jẹ. Gíga bíríkì kò dọ́gba pẹ̀lú ìbú kókó kan. Bíríkì márùn-ún tí a tò léra jẹ́ mìlímítà 48. Kókó mẹ́fà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn náà jẹ́ 48. Bí a bá ya ilé sórí pépà gíráàfù lásán, tí a sì ka ojú kan sí kókó kan ní ìbú àti bíríkì kan ní gíga, ilé tí a ó kọ́ yóò ga ju èyí tí a yà lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò máa rántí pé márùn-ún lókè ni mẹ́fà nílẹ̀.

Ènìyàn ni tàbí ilé?

Ìpinnu àkọ́kọ́ ni òṣùwọ̀n, ìyẹn iye ìgbà tí ilé gan-an fi tóbi ju àwòṣe rẹ̀ lọ. Ilé Kòkó, tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ ní ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n sì ṣí ní 1965, ga tó mítà 105. Àjà 26 ni ó ní.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbé e gbà. Èkínní ni òṣùwọ̀n ìdá kan nínú 20, tí wọ́n ń lò fún ìlú kékeré onibíríkì tí ó wà nínú ọgbà Legoland tí wọ́n ṣí ní Billund ní 1968. Bí a bá lo èyí, àwòṣe Ilé Kòkó yóò ga ju mítà 5 lọ. Yóò lu òrùlé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ já.

Èkejì ni kí a fi ọmọláńgidi kékeré LEGO, tí ó jáde ní 1978, ṣe òṣùwọ̀n. Ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 4. Bí ó bá dúró fún ènìyàn tí ó ga ní mítà 1.7, òṣùwọ̀n wa di nǹkan bí ìdá kan nínú 42. Ilé náà yóò wá ga tó mítà 2.5, èyí tí ó ga ju ilẹ̀kùn lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìdá kan nínú 100. Ilé náà yóò ga ní sẹ̀ǹtímítà 105, yóò sì jókòó sórí tábìlì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò ní ga ju sẹ̀ǹtímítà 1.7 lọ. Bí a bá gbé ọmọláńgidi sẹ̀ǹtímítà 4 síwájú ilé yìí, òmìrán tí ó ga ní mítà 4 ni a gbé síbẹ̀.

Níhìn-ín ni olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ. Bí ó bá jẹ́ kárà-kátà Dùgbẹ̀ ni, kí ó mú ìdá kan nínú 42, kí ó sì kọ́ àjà márùn-ún ìsàlẹ̀ nìkan; èyí kò ní ga ju ìdajì mítà lọ. Bí ó bá jẹ́ gíga ilé náà ni, kí ó mú ìdá kan nínú 100, kí ó sì fi ègé kéékèèké dọ́gbọ́n ṣe ènìyàn. Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo.

Àṣìṣe kékeré tí ń bí ńlá

Bí a bá mú ìdá kan nínú 100, tí a sì fi gíga gbogbo àjà ṣe ọgbọọgba, àjà kọ̀ọ̀kan yóò gba sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lé díẹ̀. Bíríkì mẹ́rin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.84. Ìyàtọ̀ náà kò jọ nǹkan kan lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi bíríkì mẹ́rin-mẹ́rin kọ́ àjà 26, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 99.84. Ohun tí ó dín ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó sì ju àjà odindi kan lọ. Bí a bá sì fi pẹlẹbẹ kan kún àjà kọ̀ọ̀kan, yóò di 108.16, èyí tí ó ti pọ̀ jù.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí àjà 16 ní pẹlẹbẹ kan lórí bíríkì mẹ́rin, kí àjà 10 má ní in. Àròpọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 104.96. Kò sí ojú tí yóò rí ìyàtọ̀ tí ó kù.

Kíka bíríkì kí a tó rà á

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé ìdí àwòṣe náà jẹ́ kókó 32 ní gígùn àti 24 ní ìbú. Akọ́lé yóò tún èyí ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti fi téèpù wọn ìdí ilé gan-an. Bíríkì onikókó mẹ́jọ, méjì ní ìbú àti mẹ́rin ní gígùn, ni a ó lò. Bí a bá kọ́ ọ ní àkọ́dí, tí inú rẹ̀ kò ní àlàfo, ìpele kan yóò gba bíríkì 96; ìpele 104 yóò gba 9,984. Bí a bá fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, tí ògiri rẹ̀ nípọn ní kókó méjì, ìpele kan yóò gba 26 péré, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ 2,704. Pẹlẹbẹ fún àjà 16 yóò jẹ́ 416. Ó yẹ kí a fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí èyí tí yóò sọnù àti èyí tí a ó ṣì lò.

Ètò kọ̀ǹpútà bíi BrickLink Studio lè ya ilé náà, kí ó sì ka ègé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Níbi tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, pépà àti pẹ́ńsù tó. Ẹ̀wẹ̀, àwọ̀ ògiri ìta ni kí a kọ́kọ́ rà pé. Ohun tí ojú kò ní rí nínú lọ́hùn-ún, àwọ̀káwọ̀ ni a lè fi ṣe é.

Pínpín ilé sí apá

Ilé tí a kò lè gbé kò ṣe é fi kọ́ni ní kíláàsì mìíràn. Kí a pín àjà 26 sí apá márùn-ún: apá mẹ́rin tí ó ní àjà márùn-ún-márùn-ún, àti apá òkè tí ó ní mẹ́fà. Nínú apá kọ̀ọ̀kan tí ó ní àjà márùn-ún, kí mẹ́ta ní pẹlẹbẹ. Nínú apá òkè, kí mẹ́rin ní in. Àròpọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 16 gẹ́lẹ́. Níbi tí apá méjì ti pàdé, kókó díẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ó dì wọ́n mú, kí a lè ṣí wọn láìfọ́ ògiri.

Bí bíríkìlà ti ń ṣe, bíríkì òkè gbọ́dọ̀ bo ojú ibi tí méjì ìsàlẹ̀ ti pàdé. Ó sì yẹ kí ìtì bíríkì kan dábùú inú ilé ní apá kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ògiri tí inú rẹ̀ ṣófo lè tẹ̀. Kí a sì kọ́ àjà kan ṣoṣo fún ìdánwò kí a tó ra ìyókù. Àjà kan yẹn ni yóò tú àṣìṣe ìwọ̀n, ti àwọ̀ àti ti fèrèsé fó nígbà tí àtúnṣe kò tíì wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé yíyan òṣùwọ̀n, ìṣirò àjà, kíka bíríkì àti pínpín ilé sí apá ni ó yẹ kí ó ṣáájú títò. Kì í ṣe olùkọ́ nìkan ni ó yẹ kí ó dá iṣẹ́ yìí ṣe. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fúnra wọn wọn ilé, tí wọ́n yà á, tí wọ́n sì ka bíríkì rẹ̀ ní èdè Yorùbá, wọn yóò rí i pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n túmọ̀ sí ọgbọ̀n tí a yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀, àti pé ìpìlẹ̀, ìpele, igun, òpó àti àjà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fọwọ́ bà. Bí bíríkì kò bá tilẹ̀ tí ì tó lọ́dún yìí, ẹ̀kọ́ inú ìṣètò náà ti wọlé. Ọdún tí owó bá dé, títò nìkan ni yóò kù.