Kì í Ṣe Gbogbo Ẹyẹ Funfun ni Àfín: Àyẹ̀wò Àyípadà Àwọ̀ Lára Ẹyẹ Inú Ọgbà

Ìfáárà
Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹyẹ kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ní ọgbà lẹ́yìn ilé. Blackbird ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Turdus merula ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Akọ rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin, àgógó rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Síbẹ̀, ènìyàn a máa rí èyí tí orí rẹ̀ funfun, tàbí èyí tí ó funfun látòkè délẹ̀.

Ní ọdún 1995 ni àjọ British Trust for Ornithology dá ètò Garden BirdWatch sílẹ̀, kí àwọn ará ìlú lè máa ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹyẹ tí ó bá wọ ọgbà wọn. Nígbà tí àjọ náà béèrè nípa àwọn ẹyẹ tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, blackbird ni ìròyìn rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Àfín ni orúkọ tí ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ènìyàn lẹ́nu bí ó bá rí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà kì í sábà tọ̀nà. Ní ọdún 2006, Hein van Grouw, onímọ̀ nípa ẹyẹ, kọ àpilẹ̀kọ kan láti tọ́ka sí àṣìṣe yìí.

Ohun tí ó ń fún ìyẹ́ ní àwọ̀
Èròjà méjì ni ó ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni mẹ́lánìn, tí ara ẹyẹ fúnra rẹ̀ ń pèsè. Òun ni ó ń mú ìyẹ́ dúdú, tí ó sì ń fún un ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Èkejì ni kàrótínọ́ìdì, tí ẹyẹ ń rí nínú oúnjẹ. Láti ara rẹ̀ ni àwọ̀ ìyeyè àti pupa ti ń wá. Ìdí nìyí tí blackbird tí gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ funfun ṣì fi lè ní àgógó aláwọ̀ ìyeyè: mẹ́lánìn ni ó sọnù, kì í ṣe kàrótínọ́ìdì.

Ọ̀nà mẹ́rin tí ìyẹ́ fi ń di funfun
(i) Àfín: Ara ẹyẹ náà kò lè pèsè mẹ́lánìn rárá, ìbáà ṣe nínú ìyẹ́, awọ ara tàbí ojú. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń hàn nínú ẹyinjú rẹ̀ tí ó fi ń pọ́n. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kì í ríran dáadáa, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò nínú ìtẹ́.

(ii) Àìdé sẹ́ẹ̀lì: Sẹ́ẹ̀lì tí ń fi mẹ́lánìn sínú ìyẹ́ kò dé apá kan ara tàbí gbogbo ara. Ìyẹ́ ibẹ̀ a funfun láti kékeré, kò sì ní í yí padà, ṣùgbọ́n ojú ẹyẹ náà dúdú.

(iii) Ewú ìyẹ́: Ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú àwọ̀ irú tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dẹ́kun iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí funfun fi ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ó bá bọ́ ìyẹ́ àtijọ́ tí ó sì hu tuntun. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó nìkan ni ó ń fà á. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù lára blackbird àti ológoṣẹ́.

(iv) Àìjẹunre-kánú: Ọmọ kannakánná ilẹ̀ Yúróòpù tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ lè hu ìyẹ́ tí ó ní ìlà funfun. Bí oúnjẹ bá dára lẹ́yìn náà, ìyẹ́ tuntun lè padà sí dúdú.

Ìwúlò rẹ̀ fún olùkọ́
Èdè Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó mọ àfín yàtọ̀ sí ewú ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé lékeléke kì í ṣe àfín: bí a ṣe dá a nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kannakánná ilẹ̀ wa tí ọrùn àti àyà rẹ̀ funfun. Ìbéèrè mẹ́ta ni olùkọ́ lè fi tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà: Àwọ̀ wo ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní? Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Ǹjẹ́ funfun náà ń pọ̀ sí i?

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹyẹ. Bí olùkọ́ bá ń pe ohunkóhun tí ó bá ṣàjèjì ní àfín, ojú ohun àjèjì ni ọmọ kíláàsì yóò fi máa wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ àfín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣàlàyé pé mẹ́lánìn ṣe pàtàkì fún ojú, yóò yé àwọn ọmọ pé ó lè ṣòro fún ẹlẹgbẹ́ wọn láti rí ohun tí a kọ sí ojú pátákó láti ọ̀nà jíjìn.

Àgbálọgbábọ̀
Funfun kan náà ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fà á kì í ṣe ọ̀kan. Olùkọ́ tí ó bá kọ́kọ́ wo ẹyinjú ẹyẹ kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ohun tí sáyẹ́ǹsì jẹ́. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò rántí láti fi ọmọ tí ó jẹ́ àfín jókòó síwájú, nítòsí pátákó.