Ìbọn Kan fún Gbogbo Ilé: Kálíbà Wo Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà?

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí iná sì ti jó koríko ẹsẹ̀ òkè, ọ̀rọ̀ ìbọn a máa gba ẹnu àwọn ènìyàn ní Paouignan. Àgbàdo ti wọ àká, ọ̀yà kò sì rí ibi sá pamọ́ sí mọ́ bíi ti ìgbà òjò. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń dá owó jọ láti ra ìbọn ìgbàlódé tí ń jẹ kátúùṣì, kí ó lè rọ́pò ṣakabùlà tí bàbá àgbà fi sílẹ̀. Owó náà kì í ṣe kékeré, nítorí náà ìbọn kan ṣoṣo ni wọn yóò rà. Bàbá yóò lò ó, àkọ́bí yóò lò ó, àbúrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di géńdé yóò fẹ́ kọ́ ọ, ìyàwó ilé tí ọ̀bọ ń jẹ oko rẹ̀ run náà lè ní kí wọ́n fi han òun. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi wá kò ju ẹyọ kan lọ: kálíbà wo?

Nọ́ńbà kálíbà máa ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú, nítorí pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi sí ni ihò ìbọn ṣe ń kéré sí. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà gàrí wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìyá kan bá pín tòǹgóló gàrí kan sí òkìtì 12, òkìtì kọ̀ọ̀kan yóò tóbi ju èyí tí ó pín sí 20 lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣe pín òjé. Wọ́n mú òjé pọ́n-ùn kan, ìyẹn bí gíráàmù 453, wọ́n fi rọ ọta róbótó 12 tí ó dọ́gba. Ìbọn tí ọ̀kan nínú ọta wọ̀nyí bá bá ihò rẹ̀ mu ni kálíbà 12. Fífẹ̀ ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18,5. Ti kálíbà 20 jẹ́ mìlímítà 15,6. Kálíbà 16, tí àwọn àgbà ọdẹ ilẹ̀ Faransé fẹ́ràn púpọ̀, wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé 12 máa ń ta jìnnà ju 20 lọ, pé ọta rẹ̀ sì le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú méjèèjì lè jẹ́ oríṣi kan náà, eré wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Iye ọta ni ìyàtọ̀ wà. Kátúùṣì 12 tí òjé rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 28 máa ń kó bí ọta 230 ti nọ́ńbà 6. Kátúùṣì 20 tí ó jẹ́ gíráàmù 24 máa ń kó bí 200. Àparò tàbí awó tí ó wà ní mítà 25 kò ní mọ èwo ni ó pa òun. Bí ẹran bá ti kọjá bí mítà 35, ọta àwọn méjèèjì ti fọ́nká, ọdẹ tí ó bá sì yìnbọn níbẹ̀ kàn ń ṣe ẹran léṣe fún ìjẹrà inú igbó ni.

Èjìká ni ọ̀rọ̀ wà. Ìbọn tí ó bá ti òjé síwájú gbọ́dọ̀ ta padà sẹ́yìn, bí òjé náà bá sì ṣe wúwo tó ni yóò ṣe gbá ẹni tí ó dì í mú. Ọ̀dọ́ tí ìbọn bá gbá létí ní ìgbà àkọ́kọ́ yóò máa di ojú kí ó tó yìn ín ní ìgbà kejì, ó sì lè pẹ́ kí ó tó bọ́ nínú àṣà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ìwúwo ìbọn fúnra rẹ̀ ni ó ń gba ìgbájú náà mì. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí ó jẹ́ kílò 2,5, èyí tí owó rẹ̀ kéré tí a sì máa ń rà fún ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́, máa ń ta padà ju ẹlẹ́nu méjì tí ó jẹ́ kílò 3,2 lọ bí kátúùṣì wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ní kí a ra èyí tí ó fúyẹ́ fún ọmọdé ti fi ìyà ra ìbọn fún un.

Nítorí ìfúyẹ́ yìí ni àwọn mìíràn ṣe ń wá kálíbà 36, tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 10,4 lọ. (Nọ́ńbà tirẹ̀ kò tilẹ̀ bá ìṣirò òjé tí a sọ lókè mu, bí a bá ṣe ìṣirò náà, yóò lé ní 60.) Kò gbá ènìyàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kéré níye tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ àgbà ọdẹ ni ó yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ṣe ọ̀yà léṣe ni, ọ̀yà náà yóò sì sá lọ kú sínú ihò.

Bí a bá fẹ́ wò ó lórí ìwé nìkan, 20 ni ìbọn ẹbí. Àmọ́ a kì í fi ìwé pa ẹran. Ní apá ibí yìí, 12 ni kátúùṣì tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùtajà tí ìjọba fún ní àṣẹ, ìbọn tí kò sì rí oúnjẹ jẹ kò yàtọ̀ sí igi ìdáná. Ìdí nìyí tí àwa fi dá a lámọ̀ràn pé kí ẹbí tí kò lè rí kátúùṣì 20 rà láti ọdún dé ọdún ra 12, kí ìbọn náà má fúyẹ́ ju kílò 3 lọ, kí wọ́n sì máa ra kátúùṣì gíráàmù 28 dípò ti 36 tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe fáàrí. 12 tí ó jẹ oúnjẹ fífúyẹ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 20 ní èjìká. Ẹ tún wo gígùn yàrá kátúùṣì tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn: ìbọn àtijọ́ púpọ̀ láti Saint-Étienne jẹ́ 65, kátúùṣì òde òní sì sábà máa ń jẹ́ 70. A kì í fi 70 sínú 65.

Ohun kan wà tí a kò ní rọra sọ. Kí ilé má ṣe ní 12 àti 20 pọ̀. Kátúùṣì 20 tí a bá ṣèèṣì fi sínú ìbọn 12 kò ní jábọ́ jáde láti ẹnu. Yóò yọ̀ wọlé díẹ̀, yóò sì há síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìbọn yóò rò pé òfìfo ni. Yóò fi 12 tẹ̀ lé e, yóò yìn ín, ọ̀pá ìbọn yóò sì bẹ́ ní ibi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ wà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń kun kátúùṣì 20 ní àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n lójú alẹ́, nínú àpò kan náà, àwọ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ti ìbọn alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Ọmọ Ògún ni gbogbo wa, a kò sì ní bú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa. Ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ fún ẹ̀tù dúdú jẹ́ iṣẹ́ kan; páìpù omi tí a gé láti fi jẹ kátúùṣì 12 jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Agbára tí òdiwọ̀n àgbáyé fi ààyè gbà nínú kátúùṣì 12 lásán lè dé báà 740, nígbà tí táyà ọkọ̀ kò ju báà méjì àti díẹ̀ lọ. A kò ṣe páìpù omi fún irú agbára bẹ́ẹ̀. Ìbọn ilé iṣẹ́ ní àmì òǹtẹ̀ tí ó fi hàn pé wọ́n ti dán an wò. Ẹ wá àmì náà lábẹ́ ọ̀pá kí ẹ tó ka owó.

Ọ̀rọ̀ “ìbọn ẹbí” náà gba ìtumọ̀. Lójú òfin, ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ti agbo ilé. Orúkọ ẹnì kan ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. Òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004 lórí ẹranko igbó ní Benin sì béèrè ìwé àṣẹ ọdẹ lọ́tọ̀. Kí ẹbí tó pinnu ẹni tí yóò máa gbé ìbọn jáde, ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn ọlọ́pàá Police républicaine àti àwọn aṣọ́gbó. Àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí lè kọ́ bí a ṣe ń ṣí ìbọn, bí a ṣe ń nù ún, àti bí a kì í ṣe í kọjú rẹ̀ sí ènìyàn, àgbà ni kí ó sì wà níbẹ̀. Nínú ilé, ìbọn nínú àpótí kan, kátúùṣì nínú òmíràn, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ó ku ìdí ìbọn. Ẹ mú gbogbo ẹni tí yóò lò ó lọ sí ilé ìtajà, kí oníkálukú gbé e sí èjìká pẹ̀lú òfìfo rẹ̀. Ẹni tí ó kúrú jù lọ ni kí ẹ fi wọn ìdí rẹ̀, nítorí pé rọ́bà tí a ń fi bọ ìdí ìbọn lè sọ èyí tí ó kúrú di gígùn fún bàbá, ṣùgbọ́n èyí tí ó gùn jù, ayùn nìkan ni ó lè tún un ṣe.