Ìwé Ìpè Ìgbéyàwó Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Ya Fúnra Wọn: Níbo Ni Kí A Ti Tẹ̀ Ẹ́?

 

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò fẹ́ ra káàdì tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ mọ́, irú èyí tí a kàn ń kọ orúkọ sí nínú. Wọ́n fẹ́ ya tiwọn lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù, IV ni wọ́n sì ń pè é. Àwa kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Owó tí à bá san fún ẹni tí ó ń yà á yóò dínkù, ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ náà ni yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni yíyà, ọ̀tọ̀ ni títẹ̀. Ohun tí ó ń dán gbinrin lójú fóònù lè jáde lórí pépà bí ẹni pé a da eérú sí i, kí orúkọ bàbá ìyàwó sì di orúkọ ẹlòmíràn.

Kí a tó dé orí pépà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tẹ káàdì kan ṣoṣo kí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ tó fi ọwọ́ sí ọjọ́ náà. Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ Nàìjíríà náà ní ètò tirẹ̀. Bí kò bá ṣe pé a gba àṣẹ àkànṣe, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí a ti fi ìwé ìfitónilétí sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó kí ó tó lè fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Bí oṣù 3 bá sì kọjá láti ọjọ́ ìfitónilétí náà láìṣe ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ di asán, a óò tún bẹ̀rẹ̀ ni. Ilé ìjọsìn tí a óò ti so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, ètò náà sì gbọ́dọ̀ wà láàárín agogo 8 òwúrọ̀ sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ìjọ ni ó ní ìwé àṣẹ yìí. Nítorí náà, ẹ bi Pásítọ̀ léèrè kí ẹ tó kọ orúkọ ilé ìjọsìn sórí káàdì. Ẹni tí ó ti tẹ 300 káàdì tí ó wá ń fi bírò fagi lé orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí à ń wí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó wá dùn wá jù. Àwọn lẹ́tà oníkòrókòrò tí àwọn ọmọ fẹ́ràn, tí ó rí bí ìkọ̀wé ọba, kì í sábà ní àmì sí ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ. Bí a bá fi wọ́n kọ “ìdílé ọkọ”, ohun tí yóò jáde ni “ìdílé oko”, bí ẹni pé inú oko ni ọmọ wa ń lọ. Bí àmì orí bá tún ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè dà kò ṣeé kọ sínú ìwé ìròyìn ìjọ. Òjó a di Ọjọ́, Ọjọ́ a di Òjó. Orúkọ tí bàbá fi àdúrà sọ ọmọ rẹ̀ kò sì yẹ ní ohun tí à ń kọ bákan ṣá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní. Lẹ́tà náà àti àmì orí rẹ̀ ni a máa ń so pọ̀, bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá sì mọ ètò yìí, àmì náà yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó di àpótí kékeré òfìfo. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi lẹ́tà tí ó wù ú kọ “RSVP”, kí ó sì fi ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kọ orúkọ ènìyàn. Yorùbá ti wà nínú ìwé títẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nítorí Abẹ́òkúta ni Ẹni-ọ̀wọ̀ Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Kò sí àwáwí kankan fún wa lónìí.

Bí a bá parí yíyà, PDF ni kí a fi pamọ́, kí a rí i dájú pé irú lẹ́tà tí a lò wà nínú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé má baà fi lẹ́tà tirẹ̀ rọ́pò. Ẹ má ṣe fi í ránṣẹ́ bí àwòrán lórí WhatsApp, nítorí WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi ń ṣú lórí pépà. Bí ó bá jẹ́ WhatsApp náà ni ẹ óò lò, ẹ fi í ránṣẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì. Àwòrán tí ó bá wà lórí káàdì gbọ́dọ̀ tó 300 dpi ní ìwọ̀n tí a óò tẹ̀ ẹ́. Kí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjá etí káàdì ní mìlímítà 3 yíká, kí ó má baà ṣẹ́ funfun létí nígbà tí a bá gé e.

Ó kan àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú fóònù fi ń ṣe àwọ̀, tàdáwà mẹ́rin ni atẹ̀wé sì ń lò: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú. Búlúù àti àwọ̀ ewé tí ó mọ́ gbòò lójú fóònù yóò rọlẹ̀ díẹ̀ lórí pépà, kò sí àtúnṣe sí i. Wúrà ńkọ́? Ẹ̀rọ inú ilé kò lè tẹ wúrà. Àwọ̀ ilẹ̀ ni yóò gbé jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúrà tí ń dán, ilé ìtẹ̀wé níbi tí wọ́n ti ń fi irin gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà ni kí ó lọ.

Nígbà náà, inú ilé tàbí ilé ìtẹ̀wé? Iye káàdì ni ó ń dáhùn ìbéèrè yìí, ìdílé kọ̀ọ̀kan ni a sì ń fún ní káàdì kan, kì í ṣe orí kọ̀ọ̀kan. Àlejò 300 lè má ju káàdì 120 lọ. Pépà A4 kan yóò fún wa ní káàdì A5 méjì, nítorí náà pépà 60 ni káàdì 120, kí a sì fi 6 sí i fún èyí tí yóò bàjẹ́.

Bí ó bá jẹ́ káàdì 30 tàbí 40 ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rọ yín ná. Pépà ọ́fíìsì jẹ́ gíráàmù 80, káàdì gidi sì jẹ́ 250 sí 300. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ilé kò lè gbé irú èyí mì, pàápàá èyí tí pépà ti ń yí po nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń tu tàdáwà olómi jáde lè mú kí ìkọ̀wé ṣàn bí omi bá kàn án. Nítorí náà, ẹ fi ìka tútù pa ọ̀kan wò lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ. Tàdáwà ìyẹ̀fun kì í ṣàn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sán níbi tí a bá ti ṣẹ́ káàdì. Kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ, ẹ fi rúlà àti bírò tí tàdáwà rẹ̀ ti tán fa ìlà sí i, yóò ṣẹ́ geerege. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège.

Bí ó bá ti ju àádọ́ta lọ, èrò tiwa ni pé kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, ní Ṣómólú l'Ékòó tàbí Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, tàbí ọ̀dọ̀ arákùnrin atẹ̀wé tí ó wà nínú ìjọ yín. Ẹ̀rọ ńlá ní àwo kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, owó àwo mẹ́rin yẹn kò sì yàtọ̀, ì báà jẹ́ káàdì 50 tàbí 500. Ìdí nìyẹn tí káàdì púpọ̀ fi ń dín owó ẹyọ kù. Ẹ̀rọ dígítà kì í lo àwo, òun ni ó sì dára fún ọgọ́rùn-ún tàbí igba. Ẹ béèrè iye owó ti méjèèjì. Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Luku 14:28. Kò sí ìdí tí tọkọtaya fi gbọ́dọ̀ ti orí káàdì wọnú gbèsè. Ẹ ra àpò ìwé kí ẹ tó ya káàdì: C6 gba A6, C5 gba A5.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ̀rọ kò lè bá wa ṣe: orúkọ ta ni yóò wà lórí rẹ̀? Bí òbí kan bá ti sùn nínú Olúwa, kò lè wà lára àwọn tí ń pe àlejò. Ẹ kọ “ọmọ olóògbé” ṣáájú orúkọ rẹ̀ níbi tí a ti dárúkọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò sí nílé bàbá mọ́ ńkọ́? A ti rí ibi tí wọ́n ti yọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kúrò lórí káàdì, tí ó wá jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ tí ó bí. Kí ọmọ lọ bá bàbá rẹ̀ kí ó sì wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí orúkọ màmá wà níbẹ̀,” kí Pásítọ̀ bá a sọ ọ́ bí ó bá ṣòro. Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ parí kí PDF tó jáde nílé.

Ní ilé ìtẹ̀wé, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún yín, lórí pépà náà gan-an. Kí ẹni tí kò bá wọn yà á kà á sókè, kí ó wo kàlẹ́ńdà bóyá ọjọ́ Sátidé náà jẹ́ Sátidé lóòótọ́, kí ó sì pe nọ́ńbà fóònù tí ó wà níbẹ̀ láti mọ ẹni tí yóò gbé e. Ìgbà náà ni kí ẹ fi ọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ kó o, ẹ kà á lójú wọn, kí ẹ sì fa mélòó kan yọ láti àárín dì yẹ̀ wò, nítorí àwọn tí ó dára jù ni wọ́n sábà máa ń tò sókè.